Agọ̀ àti Ẹni Inú Rẹ̀: Àyẹ̀wò Ojú Ayé àti Ìwà Òtítọ́ nínú Èrò Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò ohun tí Yorùbá ń pè ní ojú ayé, ìyẹn ìwà tí ènìyàn ń gbé wọ̀ bí aṣọ níwájú àwọn ẹlòmíràn. Ó lo ẹ̀rí láti inú èdè, òwe, iṣẹ́ eégún àti ìtàn láti fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ìbòjú ni Yorùbá kà sí ẹ̀tàn. Ó dábàá ìbéèrè mẹ́ta tí a lè fi ya ìbòjú tí ó ń tún àwùjọ ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó ń bà á jẹ́. Ní ìparí, ó gbé ìbéèrè náà ka iwájú olùkọ́ èdè Yorùbá àti akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́, nítorí pé ohun tí olùkọ́ bá gbé wọ̀ ni ọmọ ń kọ́.

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí gbà pé ilé wà, òde sì wà. Ó gbà pé ènìyàn a máa ṣe ara rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ kí ó tó jáde síta. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí ẹ̀ṣọ́ náà ti ilé wá. Ẹni tí ó yá ẹ̀ṣọ́ lójú ọ̀nà, tí ó sì dá a padà kí ó tó wọlé, ni òwe náà ń bá wí.

Nínú ìgbé ayé ojoojúmọ́, kò sí ẹni tí kì í gbé ojú kan wọ̀ fún àwọn ènìyàn. Ìyàwó tí inú rẹ̀ bàjẹ́ a máa rẹ́rìn-ín sí àlejò ọkọ rẹ̀. Ọlọ́jà tí kò tíì tà láti àárọ̀ a máa fi ọ̀yàyà pe oníbàárà. Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí àyà ń já a máa gbé ohùn sókè níwájú kíláàsì bí ẹni pé ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ọdún mẹ́wàá. Ṣé irọ́ ni gbogbo wọn ń pa? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé kò sí olóòótọ́ kankan láyé. Bí kò bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, níbo gan-an ni ìwà ọmọlúàbí parí sí, tí ẹ̀tàn sì ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ yìí dá lé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nìkan. Iṣẹ́ olùkọ́ jẹ́ iṣẹ́ ojú: ogójì ọmọ lè máa wo ẹnì kan ṣoṣo láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, wọ́n sì ń kọ́ ohun tí ó ń sọ àti ohun tí ó ń fi pamọ́ pọ̀.

2.0 Ìbòjú ní ojú àwọn onímọ̀

Láti inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà persona ti wá. Ìbòjú tí òṣèré ń lò lórí ìtàgé ni ó túmọ̀ sí ní ìbẹ̀rẹ̀. Carl Jung, onímọ̀ nípa ọkàn ọmọ ènìyàn tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó sọ ọ́ di orúkọ fún ojú tí ènìyàn fi ń pàdé àwùjọ. Ní èrò tirẹ̀, ìbòjú náà wúlò, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè bá ẹgbẹ́ gbé láìní in. Ewu ibẹ̀ ni pé kí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ gbàgbé pé ohun wíwọ̀ ni, kí ó wá máa rò pé òun gan-an nìyẹn.

Erving Goffman, onímọ̀ nípa àwùjọ tí a bí ní Kánádà, gbé ìwé kan jáde ní Edinburgh ní ọdún 1956 nínú èyí tí ó ti fi ìgbé ayé ènìyàn wé eré orí ìtàgé. Ó ní iwájú wà, ẹ̀yìn sì wà. Níwájú, agbáwo inú ilé oúnjẹ a rọra, a sì tẹríba fún oníbàárà. Bí ó bá ti kọjá sí ilé ìdáná, ìrìn rẹ̀, ohùn rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ a yí padà. Ní ilé Yorùbá, ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀ọ̀dẹ̀ tí a ti ń gba àlejò àti yàrá tí a ti ń tú aṣọ kò níí pẹ́ lóye ohun tí Goffman ń sọ.

Àwọn onímọ̀ wọ̀nyí ṣàlàyé bí ìbòjú ṣe ń ṣiṣẹ́. Yorùbá tún béèrè ìbéèrè mìíràn: irú ìwà wo ni ó wà lábẹ́ rẹ̀? Nínú iṣẹ́ tí Wándé Abímbọ́lá tẹ̀ jáde ní ọdún 1975 lórí ìwàpẹ̀lẹ́, ó pe àkíyèsí sí i pé ara ọ̀rọ̀-ìṣe ‘wà’ ni a ti ṣẹ̀dá ‘ìwà’. Wíwà láyé àti ìhùwàsí ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé nínú èrò Yorùbá, ìwà òtítọ́ kì í ṣe pé kí ènìyàn máa tú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ síta bí ó ṣe wù ú. Ẹni tí ó ń bú àgbà, tí ó ní ‘bí mo ṣe rí nìyí’, kò tíì ṣe òtítọ́ kankan; ó kàn fi hàn pé òun kò ní ìwà ni.

3.0 Ojú àti inú nínú èdè Yorùbá

Bí a bá wo èdè dáadáa, a ó rí i pé Yorùbá ti ya ohun méjì tí wọ́n jọra sọ́tọ̀ tipẹ́tipẹ́. Ẹgbẹ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìbòjú: ojú ayé, àṣehàn, àbòsí, ẹ̀tàn, àgàbàgebè. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan ‘ṣe é fún ojú ayé’, wọ́n ń sọ pé bí kò bá sí ẹni tí ń wò ó, kì bá tí ṣe é. Irú rẹ̀ ni ẹni tí ó ń sunkún níbi òkú lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń pín ogún.

Ẹgbẹ́ kejì ń yin ohun tí ó jọ ìbòjú: ìpamọ́ra, ìkóra-ẹni-níjàánu, ìtìjú, ọ̀yàyà, ìtẹríba. Ìpamọ́ra yẹ fún àkíyèsí. Ohun kan wà tí ènìyàn pa mọ́ sí ara rẹ̀: ìbínú ni, tàbí ìrora. Ìpamọ́ náà kò hàn síta, ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ kò sì mọ̀. Síbẹ̀, ìwà rere ni Yorùbá pè é, nítorí pé ẹni tí ó pa á mọ́ ni ó ru ẹrù rẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà ru ú. Ọmọ tí inú ń bí sí àǹtí rẹ̀, tí ó sì kúnlẹ̀ kí i ní òwúrọ̀, kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ìkúnlẹ̀ náà kò sọ pé inú òun dùn. Ohun tí ó sọ ni pé òun mọ̀ ọ́n ní àgbà, òótọ́ sì ni.

Ìyàtọ̀ tí ó wà níhìn-ín kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀. Ìpamọ́ra ń fi ohun kan pamọ́ fún àǹfààní ẹni tí ó wà níwájú. Àgàbàgebè ń fi ohun kan pamọ́ láti rẹ́ ẹ jẹ. Lójú, ẹ̀rín kan náà ni àwọn méjèèjì ń rín.

Kí ló dé tí ènìyàn fi ń yàn èkejì? Òwe dáhùn: olóòótọ́ ni ìkà ìlú. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi ìyà jẹ ẹni tí ó sọ òótọ́, kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí gbogbo ìlú bá di eléwù méjì. Àmọ́ òwe mìíràn ṣe ìkìlọ̀ pé ẹ̀fín ni ìwà, bí a ti wù kí a bò ó mọ́lẹ̀ tó, yóò rú jáde.

4.0 Ohun tí agọ̀ ń kọ́ni

Àwùjọ tí ó ní eégún kò lè sọ pé òun kórìíra ìbòjú. Ó yẹ kí a wo bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Lákọ̀ọ́kọ́, agọ̀ ní àsìkò àti ààyè. Eégún kì í dédé jáde. Ọjọ́ rẹ̀ ń pé ni. Ìgbàlẹ̀ ni ó ti ń jáde, ibẹ̀ náà ni ó ń padà sí. Ẹni tí ó wà nínú ẹ̀kú kò gbé e wọ̀ lọ sí oko, kò sì wọ̀ ọ́ sùn. Lẹ́ẹ̀kejì, agọ̀ kì í ṣe ti ẹni tí ó wọ̀ ọ́ nìkan. Ti ìdílé ni, ti ìlú ni. Ará ọ̀run ni ó dúró fún, ìre gbogbo ìlú ni ó sì ń sú. Lẹ́ẹ̀kẹta, atọ́kùn máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀. Ojú tí ó wà lẹ́yìn aṣọ kò ríran tó ojú lásán, nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa sọ ibi tí kòtò wà fún un. Ìbòjú tí kò ní àsìkò, tí kò ní olúwa bí kò ṣe ẹni tí ó wọ̀ ọ́, tí kò sì ní atọ́kùn, ni ó yẹ kí ó ba ènìyàn lẹ́rù.

Ìbòjú a tún máa ṣí ojú òtítọ́. Ní ọdún 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará Bìrìtìkó, wo eré àwọn eégún alárìnjò ní ààfin Ọ̀yọ́ Ilé. Nínú eré náà, wọ́n gbé òyìnbó jáde: ó funfun bí ẹfun, ó rù hangangan, òtútù ń mú un, ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, àlejò náà sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀. Kò sí ẹni tí ì bá dúró ní gbangba kí ó sọ fún àlejò ọba pé bí ìlú ṣe ń rí i nìyí. Agọ̀ ni ó bá wọn sọ ọ́.

Bákan náà ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí ó gbajúmọ̀ ní Kétu, Ìmẹ̀kọ àti agbègbè Yewa. Ọkùnrin ni ó ń jó nínú aṣọ obìnrin, láti bu ọlá fún àwọn ìyá. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, ẹni tí ó wọ ìbòjú a máa dárúkọ àléébù tí ẹnu kò lè sọ ní ọ̀sán. Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001, wọ́n sì fi í sínú àkójọ àjogúnbá aráyé tí kì í ṣe ohun àfọwọ́bà ní ọdún 2008, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ojú ni a bò, òótọ́ ni a ṣí sílẹ̀. Ti alábòsí yàtọ̀: ó ṣí ojú sílẹ̀, ó sì bo òótọ́ mọ́lẹ̀.

5.0 Ẹ̀rí láti inú ìtàn

Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ilé-Ifẹ̀ sọ pé nígbà kan, àwọn ará Ìgbò (tí wọn kì í ṣe ẹ̀yà Ìgbò ti apá ìlà-oòrùn Nàìjíríà) a máa ya wọ ìlú nínú ẹ̀wù ìko, tí àwọn ènìyàn á rò pé ẹbọra ni. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró, wọn a sì kó ìlú lẹ́rù àti lẹ́rú. Mọ̀rèmí jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú. Ó di ìyàwó ọba wọn, ó fi ojú ìyàwó gbé pẹ̀lú wọn títí ó fi mọ̀ pé ènìyàn ni ó wà nínú ìko. Ó sá padà wálé, ó sọ àṣírí náà, àwọn ará Ifẹ̀ sì fi ògùṣọ̀ pàdé wọn.

Ìbòjú méjì ni ó pàdé nínú ìtàn yìí. Àwọn ará Ìgbò lo ti wọn láti jẹ ẹlòmíràn run; Mọ̀rèmí lo tirẹ̀ láti gba ìlú sílẹ̀, ó sì bọ́ ọ nígbà tí iṣẹ́ parí. Síbẹ̀, ìtàn náà kò fi bò pé ìbòjú a máa gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Ẹ̀jẹ́ tí ó jẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìnrìn ni ó gba Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo.

Ìtàn Aláàfin Abíọ́dún jọ èyí. Baṣọ̀run Gáà ti gba agbára Ọ̀yọ́ sọ́wọ́, ọba sì ń kú lọ́wọ́ rẹ̀ léraléra. Nígbà tí Abíọ́dún gorí ìtẹ́, ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún Gáà bí ẹni tí kò ní ohun mìíràn lọ́kàn, títí ó fi rí ọ̀nà bá Ọyabí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, pa ìmọ̀ pọ̀. Ní ọdún 1774, agbára Gáà wó. Òun ni Adébáyọ̀ Fálétí fi kọ eré-onítàn rẹ̀, Baṣọ̀run Gáà, tí ó jáde ní ọdún 1972. Ìbòjú Abíọ́dún gba Ọ̀yọ́ lọ́wọ́ afipágbajọba, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ ṣàn: kì í ṣe Gáà nìkan ni ó kú, wọ́n pa àwọn ọmọ àti ará ilé rẹ̀ káàkiri. Ohun tí a bá pa mọ́ sínú fún ìgbà pípẹ́ a máa le bí ó bá ń jáde.

Láti inú ẹ̀rí wọ̀nyí, ìbéèrè mẹ́ta jáde tí a lè fi wọn ìbòjú èyíkéyìí: (i) Ta ni ó wà fún, ẹni tí ó wọ̀ ọ́ nìkan ni, tàbí àwọn tí ó wà níwájú rẹ̀? (ii) Ǹjẹ́ ó ní ibi tí a ti ń bọ́ ọ, àti ẹni tí ó mọ ojú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀? (iii) Ǹjẹ́ ẹni inú rẹ̀ ń dàgbà sí i láti bá agọ̀ náà mu, tàbí ńṣe ni agọ̀ ń tóbi tí ẹni inú rẹ̀ ń rù?

6.0 Olùkọ́ nínú agọ̀

6.1 Agọ̀ ọjọ́ àbẹ̀wò: Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí ó ń fi ìgboyà bo ìbẹ̀rù kò ṣe àìdára. Nítorí àwọn ọmọ ni, ìgboyà náà yóò sì di tirẹ̀ bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Ìbéèrè kẹta ti dá a láre. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ti ṣe ìdánrawò ìkọ́ni mọ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá gbọ́ pé alábòójútó ń bọ̀, wọn a kọ́ àwọn ọmọ pé kí gbogbo wọn nawọ́ sókè sí gbogbo ìbéèrè: ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ọ̀tún, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ọwọ́ òsì. Alábòójútó á rí kíláàsì tí ó jí pépé, máàkì á sì dára. Kí ni àwọn ọmọ kọ́ ní ọjọ́ náà? Wọ́n lè gbàgbé àrángbọ́ tàbí àrọ̀ tí ó wà lórí pátákó, ṣùgbọ́n wọn kò níí gbàgbé bí a ṣe ń fi ọwọ́ òsì tan àgbà jẹ. Àgàbàgebè di iṣẹ́ ọjọ́ náà, olùkọ́ wọn ni ó sì kọ́ wọn.

Ẹ̀bi náà kò wà lọ́rùn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Alábòójútó tí ó wá lẹ́ẹ̀kan, tí ó jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tí ó ka ohun èlò ìkọ́ni tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, tí ó fún ni ní máàkì, tí ó sì lọ, òun gan-an ni ó rán ẹ̀kú náà. Ohun tí a bá ń wò ni wọ́n ń gbé wọ̀ fún wa.

6.2 Agọ̀ amòye: Ọmọ béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan tí olùkọ́ kò mọ̀, olùkọ́ sì hun ìtumọ̀ kan sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tàbí kí ó pàṣẹ pé kí ọmọ jókòó, kí ó yé dààmú kíláàsì. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọlọ́gbọ́n kan kì í ta kókó omi sétí aṣọ. Nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá, agọ̀ yìí léwu gidigidi, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ hun yóò wọ inú ìwé ogójì ọmọ, ẹnì kan nínú wọn yóò sì di olùkọ́. Ẹni tí ó ní ‘èyí kò yé mi tó, ẹ jẹ́ kí a jọ béèrè lọ́wọ́ àgbà’ kò sọ iyì nù. Ó ti fi ara rẹ̀ kọ́ wọn pé abéèrè kì í ṣìnà.

6.3 Agọ̀ èdè: Èyí ni ó kan ẹ̀ka Yorùbá jù. Akẹ́kọ̀ọ́ wà tí ó ń kọ́ Yorùbá fún ìwé-ẹ̀rí NCE, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í ní ìlú rẹ̀ pé kí ló ń kọ́, á ní èdè ni, á sì yára yí ọ̀rọ̀ padà. Olùkọ́ wà pẹ̀lú tí ó ń ṣàlàyé fún kíláàsì nípa iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970, èyí tí ó fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò rẹ̀yìn lẹ́gbẹ́. Ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ó délé, ó bá ọmọ tirẹ̀ wí nítorí pé ó dáhùn ní Yorùbá níwájú àlejò.

Ó yẹ kí a bá irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lò pẹ̀lú òye. Ẹ̀rù ń bà á pé kí ọmọ òun má baà rẹ̀yìn. Ẹ̀rù náà kì í ṣe irọ́, nítorí pé ó rí bí ayé ṣe ń gba ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé e ka orí ìbéèrè kejì, kò sí ìdáhùn. Ibo ni ó ti ń bọ́ agọ̀ náà? Ní kíláàsì, olùfẹ́ Yorùbá ni. Ní ilé, olùfẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. Èwo ni ojú rẹ̀? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò níí pẹ́ mọ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé olùkọ́ òun kò gba ohun tí ó ń kọ́ni gbọ́ yóò gba máàkì rẹ̀, yóò sì fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ sí kíláàsì.

7.0 Àbá

Bí òtítọ́ bá jẹ́ ìwà, a jẹ́ pé ó ṣeé kọ́. Iṣẹ́ yìí dábàá ohun mẹ́rin.

(a) Kí alábòójútó máa padà lọ sí kíláàsì kan náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ bí ààyè bá wà, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ pé, ‘Kí ni kò lọ bí o ṣe fẹ́ lónìí?’ Kí ìdáhùn tòótọ́ máa gba máàkì, kí ó má ṣe pàdánù rẹ̀.

(b) Kí akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní atọ́kùn: àgbà olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti ń ṣe ìdánrawò, tí ó lè bọ́ agọ̀ níwájú rẹ̀ kí ó sọ pé ‘Mà, kíláàsì náà ń dẹ́rù bà mí.’ Kí àgbà náà má sì fi í ṣe ẹlẹ́yà.

(d) Nínú ẹ̀kọ́ òwe, kí a má fi mọ sí ìtumọ̀. Kí àwọn ọmọ fi ‘ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde’ ṣe eré kékeré, kí ọmọ kan ṣe bí ènìyàn ṣe ń ṣe ní òde, kí òmíràn ṣe bí ẹni kan náà ṣe ń ṣe ní ilé. Lẹ́yìn náà, kí kíláàsì fi ìbéèrè mẹ́ta yẹn dá ẹjọ́.

(e) Kí olùkọ́ Yorùbá mú ohun kan ṣoṣo nínú ohun tí ó ń kọ́ni, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ilé tirẹ̀. Ó lè jẹ́ ìdajì wákàtí ní alaalẹ́ fún àlọ́ tàbí ìtàn ní Yorùbá. Ẹ̀ṣọ́ kékeré tí ó ti ilé wá dára ju ńlá tí a yá lọ.

8.0 Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé Yorùbá kò sọ pé kí ènìyàn má bojú rárá. Èdè ya ìpamọ́ra sọ́tọ̀ kúrò lára àgàbàgebè. Eégún fi hàn pé agọ̀ tòótọ́ ní àsìkò, ó ní olúwa, ó sì ní atọ́kùn. Ìtàn Mọ̀rèmí àti ti Abíọ́dún fi hàn pé ìbòjú tí ó gba ìlú là pàápàá ní ohun tí ó ń náni. Ohun tí Yorùbá ń béèrè ni pé kí ènìyàn wà nínú agọ̀, kí ẹni náà sì ní ìwà.

Fún olùkọ́, ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí iyì ara rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, ṣùgbọ́n láàárín ogún ọdún náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò ti gba kíláàsì kọjá, tí wọn yóò ti mọ ìgbà tí a ń na ọwọ́ òsì. Ọwọ́ olùkọ́ òní ni ó wà bóyá wọn yóò tún kọ́ àwọn ọmọ tiwọn bẹ́ẹ̀.